Ọjọ́ tí Kò-sinmi Jókòó

Eku tí wọ́n ń pè ní Kò-sinmi jókòó jẹ́ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, inú Ìyá Eku sì dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò kan àjà. Ìyá Eku ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń ṣọ́ àwọn eku nínú ilé ìwádìí wọn. Ẹ má rò pé eku lásán ni o! Wọ́n ti yọ apilẹ̀ àbùdá kan lára wọn, èyí tó ń jẹ́ kí ọpọlọ lè gbá dopamíìnì kúrò tó bá ti jíṣẹ́ tán. Dopamíìnì ló ń sọ fún ọpọlọ pé, "Dìde, ṣe é!" Nígbà tí kò wá sí ohun tó ń gbá a mọ́, ó kún wọn lórí, ni wọ́n bá ń sá yí inú àpótí po títí òòyì á fi kọ́ ẹni tó ń wò wọ́n.

Oògùn tó lè mú irú eku bẹ́ẹ̀ sinmi ni wọ́n ń wá, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin Ìyá Eku ló sì gbé e dé ìdí iṣẹ́ yìí. Ẹ̀gbọ́n á fọwọ́, á nu ọwọ́, á tún padà lọ fọ̀ ọ́, títí awọ ọwọ́ á fi bó; bíi ti àwọn eku yẹn, kì í lè dáwọ́ dúró. Ó ti ṣèlérí fún màmá wọn pé òun á wá oògùn rẹ̀ rí. Bó ṣe rí Kò-sinmi báyìí, fóònù ló gbé.

"Màmá, a ti rí i!"

Màmá bú sẹ́kún ayọ̀.

Àṣejù rè é! Òfin wọn ni pé ẹni tó ń wo eku kò gbọdọ̀ mọ èyí tó mu oògùn àti èyí tó mu omi lásán, kí ohun tó wù ú má baà tàn án jẹ. Jẹ́jẹ́, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nìkan ló mọ̀. Ọ̀sán ló tó dé.

"Kò-sinmi kẹ̀? Omi lásán ni mò ń fún un."

"Irọ́ ni!"

"Kí ni màá fi irọ́ ṣe? Wo àwọn tó mu oògùn, wọ́n ṣì ń sá yípo."

Wọ́n gbé Kò-sinmi sókè. Ikùn rẹ̀ rí roboto, ó sì ti ya bébà wẹ́wẹ́ tẹ́ ìtẹ́ sí kọ̀rọ̀. Jẹ́jẹ́ gbé eku kejì tí wọ́n jọ wà nínú àpótí kan náà, ó wo ìdí rẹ̀.

"Yéè! Akọ ni! Ta ló ní abo lèyí?"

"Èmi ni."

Ìyá Eku ló ya akọ sọ́tọ̀, tó ya abo sọ́tọ̀, nígbà tí wọ́n ṣì kéré, tí ojú kì í tètè dá wọn mọ̀. Ọkọ ìyàwó ti wà nínú ilé látọjọ́ yìí! Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ìyá Eku náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe rántí màmá rẹ̀. Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì tún pe màmá.

"Màmá, ẹ má bínú. Oògùn kọ́. Oyún ni."

"Oyún ta?"

"Oyún eku, mà."

"Oyún eku kẹ̀!" ni màmá pariwo. "Mo kúkú ti sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé o ti rí oògùn. Òun nìyí, bá a sọ̀rọ̀."

Ìyá Eku fẹ́rẹ̀ẹ́ pa fóònù. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń bi màmá nípa ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, láì bi ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀.

"Àbúrò mi, eku yín ti fẹ́ bímọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo rò pé mo ti rí oògùn yín."

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú ewu ọmọ o! Àmọ́ jẹ́ n bi ọ́, ṣé ìgbà tí o bá rí oògùn lo tó máa wá wò mí ni?"

Ojú tì í, omi sì dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. Ó ní kí Jẹ́jẹ́ bá òun fún àwọn eku lóúnjẹ, ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó sì gba ilé màmá rẹ̀ lọ.