Àwòrán Tí Kò Sí Lára Ògiri

Sátidé ni ọjọ́ àwòrán. Bí ó bá ti pé, òǹkọ̀wé yìí á wẹ̀, á forí lé ilé àfihàn tó wà nítòsí afárá, níbi tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ àwọn ayàwòrán kọ́ sára ògiri. Á jókòó síwájú àwòrán kan ṣoṣo títí ẹ̀yìn á fi máa ro ó. Ó ní ibẹ̀ ni òun ti ń wá ìmísí. Ìmísí ọ̀hún kò yọjú. Ìwé rẹ̀ kejì ti há sójú kan, ẹni tó bá sì bi í pé ibo ló bá a dé ń wá ìjà ni.

Ohun tó ń mú bọ̀ láti ibẹ̀ kò ju ìròyìn lọ, màmá rẹ̀ ló sì ni ín. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ni màmá yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Nísinsìnyí, awọ funfun kan ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, kò rí ju òjìji lọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè kò tán lẹ́nu rẹ̀. Bí ọmọ bá ti dé, á ní kó jókòó létí fèrèsé, kó ròyìn ohun tó rí.

"Ọkùnrin inú àwòrán yẹn, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ṣé bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀?"

"Màámi, mi ò wo ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Kí lo wá ń wò látàárọ̀? Akọ̀wé, o lọ sílé àwòrán, o pajú dé."

Akọ̀wé ló ń pè é láti kékeré; nígbà míì ìyìn ni, nígbà míì èébú ni. Bí Sátidé mìíràn bá dé, ọmọ á padà lọ wo ẹsẹ̀ ọkùnrin náà, á wá ní bàtà dúdú ló wọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Wọ́n ń kun ilé. Ẹlòmíì á padà sílé, á ní wọ́n tilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé màmá á ti gbé àga rẹ̀ sún mọ́ etí fèrèsé, ó sì ń tì í lójú láti lọ bá a lọ́wọ́ òfo. Kó tó délé, ó ti hun irọ́ kan tó lọ́wọ́, tó lẹ́sẹ̀.

Ó ní àwòrán odò ni. Obìnrin kan jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan, ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ sì ń bojú wẹ̀yìn.

Màmá fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Kí ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà?"

"Wọ́n tì í pa ni."

"Ta ló mú kọ́kọ́rọ́ dání?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Màmá kò bèèrè àwòrán mìíràn mọ́. Wọ́n kun ilé tán, wọ́n ṣílẹ̀kùn, òǹkọ̀wé sì ń lọ jókòó síwájú àwòrán tí ẹlòmíì yà, ó ń ro tirẹ̀. Bí Sátidé ṣe ń tẹ̀ lé Sátidé ni ẹrù ọkọ̀ ojú omi náà ń pọ̀ sí i: ajá kan wọ̀ ọ́, òjò ń ṣú bọ̀ lẹ́yìn; á ní òun ò tètè rí wọn ni. Ohun tó bá sọ fún màmá, òun náà ni yóò kọ sílẹ̀ ní Mọ́ńdè. Ìwé tó há bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Inú rẹ̀ ń dùn, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, nítorí ta ló fẹ́ lọ wò ó?

Dókítà ló da gbogbo rẹ̀ rú. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún màmá, ó sì yọrí sí rere. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú ohun tí wọ́n fi bo ojú rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

"O ti hewú, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi." Ó tún wò ó. "Sátidé, a jọ ń lọ ni. Mo fẹ́ rí obìnrin yẹn."

Kì í ṣe irọ́ náà gan-an ló ń ba òǹkọ̀wé lẹ́rù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí màmá má lọ rò pé gbogbo ìgbà tí òun ń bèèrè kọ́kọ́rọ́, ọmọ òun ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé òun ò ríran. Ó ní oòrùn máa mú jù. Màmá ní òun ní agbòòrùn. Ó ní àtẹ̀gùn ibẹ̀ ga. Màmá ní òun lẹ́sẹ̀ méjì.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, màmá kò kánjú rárá. Ó bá àwòrán ọkùnrin ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ wo bàtà rẹ̀, ó ní àwọ̀ ewé ni, kì í ṣe dúdú. Wọ́n wọ yàrá kejì, wọ́n wọ ìkẹta, ilé tán. Ó ku ògiri kan, ìkòkò òdòdó ló wà lára rẹ̀.

"Akọ̀wé, odò dà?"

Ó ti lanu láti sọ pé wọ́n ti tà á. Ṣùgbọ́n ojú tó mọ́ kedere ló ń wò ó.

"Kò sí, Màámi. Kò sí rí. Ọjọ́ tí wọ́n tilẹ̀kùn ni mo fi orí ara mi dá a sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Màmá jókòó sórí àga gígùn tó wà láàárín yàrá. Ó wo ìkòkò òdòdó náà. Ọmọ ń retí ìjà.

"Obìnrin yẹn náà kò sí?"

"Kò sí, mà."

"Ajá ńkọ́?"

"Ajá náà kò sí."

"Ti ajá yẹn ló dùn mí jù." Ó fọwọ́ lu àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Jókòó. Kí n tó lọ fún iṣẹ́ abẹ, o ní obìnrin náà ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ kọ́bọ́ọ̀dù. O ò tíì jẹ́ kó ṣí i."

Ó jókòó. Nígbà tó yíjú sí i láti máa bá ìtàn náà lọ, màmá ti pa ojú tuntun rẹ̀ méjèèjì dé, ó ti dẹ etí sílẹ̀.