Òwú Tó Le Ju Aṣọ Lọ

Máṣíìnì náà ti gùn sí i. Nígbà tí Ìbíwùmí rà á ní tòkunbọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò gùn ju tábìlì ìgéṣọ lọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́gígùn. Orúkọ sì máa ń roni lóòótọ́. Ọwọ́ náà ti gba ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù jáde, ó ti sọdá títì, ó ti kọjá lórí òrùlé àwọn aládùúgbò, ó sì lọ sọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ sí àárín àgbàlá bàbá wọn ní òdìkejì ìlú. Kò ya Ìbíwùmí lẹ́nu rárá. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó ń rìn tẹ̀lé e lọ lábẹ́. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà lokùn ń tọ̀, kí ni ti ariwo?

Aṣọ ìbora ló wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ náà. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ìyá wọn tí wọ́n sì pín aṣọ rẹ̀, Ìbíwùmí ló dá a lábàá pé kí olúkúlùkù mú díẹ̀ wá nínú ìpín tirẹ̀. Òun tí òun jẹ́ télọ̀ á gé wọn, á tò wọ́n pọ̀, á tẹ́ fóòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí àárín, á sì rán gbogbo rẹ̀ mọ́ra, kó di ìbora fún ọmọ tí Tẹniọlá fẹ́ bí. Tẹniọlá ni ọmọ Fadérera, Fadérera sì ni ẹ̀gbọ́n wọn àgbà. Òun ni ọ̀já kàn nígbà tí wọ́n pín ẹrù, ọ̀já kan ṣoṣo tí ìyá wọn fi pọn gbogbo wọn. Ó ti gbó débi pé èèyàn lè gbé e sójú kó sì fi wo oòrùn. Ọjọ́ tí Fadérera gbé e lé e lọ́wọ́, ó ní, "Ìbíwùmí, ìyókù tí mo fún ẹ, ṣe é bó ṣe wù ẹ́. Eléyìí, jọ̀ọ́, má jẹ̀ẹ́ kó ya." Ìbíwùmí ní kò lè ya. Àárín gbùngbùn ìbora ló fi í sí.

Gbogbo mọ̀lẹ́bí ti jókòó yí àgbàlá ká. Àwọn àga kan ṣófo, ìró ìyá wọn ló jókòó sórí wọn, wọ́n ká ara wọn dáadáa, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Àwọn òwú ṣọ́ọ̀bù Ìbíwùmí náà ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Wọ́n tò sórí ọgbà, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Òwú ọ̀rá aláwọ̀ wúrà ni ohùn rẹ̀ ròkè jù. Ó ní, "Bí wọ́n bá kó aṣọ jáde, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí? Èmi ni." Àwọn tó kù kò já a níyàn.

Òwú kan ṣoṣo ni kò sí níbẹ̀. Ìyá wọn kì í ṣe télọ̀, aṣọ yíya àwọn ọmọ ló máa ń lẹ̀, inú agolo mílíìkì ló sì ń kó òwú rẹ̀ sí, òwú funfun tí wọ́n fi ẹ̀gbọ̀n òwú ṣe, tí kò dán, tó tún ní irun lára. Kó tó lo òwú, á fà á já lẹ́bàá etí rẹ̀, á gbọ́ bó ṣe dún. Ìbíwùmí ló jogún agolo yẹn. Ó gbé e sẹ́yìn áyọ́ọ̀nù eléèédú lábẹ́ tábìlì, kí oníbàárà má baà rí i kí wọ́n wá máa pe òun ní télọ̀ ará oko. Láti ibi tó wà lọ́hùn-ún, agolo náà ń wúkọ́ bí arúgbó. Gbogbo àgbàlá ń gbọ́ ọ. Ìbíwùmí ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Gbogbo mọ̀lẹ́bí wá bi í léèrè pa pọ̀, láìgbóhùn sókè, "Òwú wo lo fi rán an?"

Ó ní, "Òwú Mọ́ọ̀mi ni."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó rí i pé orí òwú kan yọ síta láàárín eyín òun, ó ń dán, wúrà ni. Ó fi ahọ́n tì í padà sínú. Ó tún yọ. Fadérera ń wò ó. Ojú ti Ìbíwùmí débi pé etí rẹ̀ méjèèjì gbóná. Ó fọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó ń yán.

Ìgbà yẹn ni ìyá wọn gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Tòbí nìkan ló wà nídìí rẹ̀, nítorí wọ́n ti pín gbogbo aṣọ rẹ̀ tán. Gbogbo èèyàn wolẹ̀. Kò sẹ́ni tó rò ó rí pé ó lè padà wá kó má rí nǹkan ró. Àwọn ìró tó wà lórí àga kò dìde fún un. Ìbíwùmí ní ìbòrùn léjìká, ó sì mọ̀ pé ó yẹ kí òun bọ́ ọ fún un, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu.

Ìyá náà kí gbogbo wọn. Ó lọ síbi aṣọ, ó fọwọ́ pa ojú rírán rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó mú orí òwú wúrà kan, ó fà á lẹ́bàá etí. Òwú náà kò já.

Ó ní, "Ó le. Ó le ju aṣọ lọ." Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi oríkì pe Ìbíwùmí. "Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ìwọ wá kó àkísà mi, Àjíkẹ́, o fi òwú gbá a létí." Ó yíjú padà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ó dáa. Wá, kí n pọ̀n ọ́."

"Mọ́ọ̀mi, mo ti dàgbà. Mo ti hewú."

"Ta ló bi ọ́?"

Ìbíwùmí gun ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, tòun ti ìdí ńlá tòun ti ewú. Ìyá náà fa ìbora yọ lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó fi pọ̀n ọ́n, ó fún un pinpin láyà, ọ̀já àárín yẹn sì bọ́ sí abẹ́ ìdí rẹ̀ gẹ́lẹ́ níbi tó ti ń gbé wọn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó ń gbé e káàkiri. Ó ń dúró lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ pé, "Ẹ wá wo ọmọ mi." Ẹ̀yìn rẹ̀ ní òórùn ọṣẹ dúdú àti èéfín. Ìbíwùmí gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Ó wù ú kó sùn.

Ó wá gbọ́ ọ. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn ń ya ewé ẹ̀kọ gbígbẹ. Ibi tí òwú gbà gan-an laṣọ ti ń ya, lójú ihò abẹ́rẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣọ ìkómọ já bọ́, aṣọ ọdún tẹ̀lé e, aṣọ ọ̀fọ̀ bàbá wọn tẹ̀lé e. Ọ̀já ló kẹ́yìn. Ìbíwùmí fẹ̀yìn lélẹ̀ gbì láàárín àgbàlá. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín! Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ mọ̀lẹ́bí ẹni le ju méjèèjì lọ. Ó gbójú sókè, ó rí òwú wúrà náà nídìí ìyá rẹ̀, kò já níbì kankan, ó pé pérépéré bí àwọ̀n ẹja, ó ń dán, kò sì gbé nǹkan kan dání.

Ìyá náà kò bínú. Ó ní, "Ṣé n kì í sọ fún yín nígbà tí mo bá ń lẹ aṣọ? Bí nǹkan kan bá máa já, òwú ni kó já. Òwú tó bá já, a ó tún un rán. Bí aṣọ bá ya ńkọ́?" Ó wo yíká. "Agolo mi dà?"

Ìbíwùmí mọ ibi tí agolo wà. Ó la ẹnu, òwú wúrà ti kún un dé ọ̀nà ọ̀fun. Ó lè fi ìka júwe, kò júwe. Bí wọ́n bá lọ gbé agolo yẹn jáde lẹ́yìn áyọ́ọ̀nù, wọ́n á rí eruku tó ti bò ó. Ohun tó rò nìyẹn, ojú sì tì í pé òun rò ó. Agolo ṣì ń wúkọ́ lọ́hùn-ún.

"Kò burú," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó wá orí òwú lára ìka ara rẹ̀, ó rí i, ó fà á yọ. Funfun ni, kò dán, ó nírun. Ó fi ìdí rẹ̀ sí Ìbíwùmí lọ́wọ́ òsì. "Mú un dání. Má jù ú sílẹ̀ o." Ó fi orí kejì bọ abẹ́rẹ́ Ọlọ́wọ́gígùn, ó gòkè lọ dúró síbi tí òwú máa ń dúró sí lórí máṣíìnì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí.

Máṣíìnì ń rán. Kò pariwo. Ó ń kó àwọn aṣọ jọ nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀já ló kọ́kọ́ mú. Bí ó ti ń rán ni ìyá náà ń tán, ìka, ọrùn ọwọ́, èjìká. Gbogbo ìgbà tí ojú rẹ̀ bá yí dé ọ̀dọ̀ Ìbíwùmí, á wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ọmọ tó sùn, ojú náà á sì ti kéré sí i. Ìbíwùmí fẹ́ sọ pé ó tó, Mọ́ọ̀mi, ẹ dúró, ó ti tó. Ẹnu rẹ̀ kò gbà á. Ó ń fọwọ́ ọ̀tún fa òwú wúrà jáde lẹ́nu, ó ń fà, kò tán.

"Ìbíwùmí! O ò tíì jí ni?"

Ilẹ̀ ti mọ́. Fadérera ló ń kanlẹ̀kùn, ó sì ti wọlé kí wọ́n tó dá a lóhùn, bó ṣe máa ń ṣe. Ìbora náà wà lórí àga níbi tí Ìbíwùmí ká a sí lánàá lẹ́yìn tó rán an tán. Fadérera tú u síta lójú fèrèsé. Oòrùn mú òwú náà, gbogbo iyàrá tàn. Ọ̀já wà láàárín, kò ya.

"Háà! Ìwọ ọmọ yìí! Àwọn àna Tẹniọlá á la ẹnu sílẹ̀ ni. Òwú wo lo fi rán an?"

Ìbíwùmí rí ihò abẹ́rẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀já, ó ti fẹjú díẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa rí i títí wọ́n á fi fọ aṣọ náà. Ó tọ́ ẹnu ara rẹ̀ wò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ó ní, "Òwú ọ̀rá ni, Àǹtí. Ẹ má gbé e lọ. Á gé ọ̀já Mọ́ọ̀mi. Mo mọ̀ kí n tó lò ó, mo kàn fẹ́ kó dán ni. Mo máa tú gbogbo ẹ̀." Ojú tì í débi pé kò lè gbójú sókè.

Fadérera rọra ká aṣọ náà, ó gbé e lé itan. Ó wo ọwọ́ Ìbíwùmí.

"Kí lo dì sọ́wọ́ òsì yẹn?"

Láti ìgbà tó ti jí ni ọwọ́ náà ti dì. Òwú funfun kan yọ láàárín àwọn ìka rẹ̀, ó gba orí ẹní kọjá, ó sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde lọ síta. Ìbíwùmí kò la ọwọ́ náà. Ẹnì kan ṣì ń fà á lọ́hùn-ún, jẹ́jẹ́.