Téèpù Orí Àjà

Láti kékeré ní Iléṣà ni Àpìkẹ́ ti mọ̀ pé ohun tó bá ṣọ̀wọ́n, orí àjà lókè ààrò ni à ń gbé e sí. Èéfín á lé kòkòrò, ooru á lé ọ̀rinrin. Nígbà tí òjò ọdún 1957 wá dé ilé ọkọ rẹ̀ ní Òṣogbo, tí bàtà pàápàá ń bu nínú àpótí, ó fi aṣọ funfun wé téèpù ọkọ rẹ̀, ó gbé e ti àgbàdo irúgbìn lórí àjà. Ìfẹ́ ló fi ṣe é.

Fẹ̀hìntọlá ọkọ rẹ̀ ń bá olùkọ́ òyìnbó kan tó ń gba ìtàn àwọn àgbà sílẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ òyìnbó yìí ló fi gba ohùn Lábíkẹ́, ìyá rẹ̀, sínú téèpù náà, bó ṣe ń ki í. Kò pẹ́ sígbà náà tí ìyá fi kú.

Lọ́jọ́ tí Fẹ̀hìntọlá yá ẹ̀rọ wálé pé òun fẹ́ gbọ́ ohùn ìyá òun, Àpìkẹ́ gun àjà. Áà! Téèpù ti ká jọ bí awọ ewúrẹ́ tó bọ́ síná. Ó jókòó ti ààrò, ó bú sẹ́kún.

"Bàbá Rẹ̀mílẹ́kún, ẹ forí jì mí. Mo ti pa Màmá lẹ́ẹ̀kejì."

Fẹ̀hìntọlá kò bú u. "Bàbá rẹ ni mo sọ fún pé kò gbọdọ̀ rí ooru, nígbà tí mo fún wọn ní ìkejì téèpù náà. N kò sọ fún ìwọ tí a jọ ń gbélé. Ẹ̀bi tèmi ni."

"Ìkejì wà?"

"Ó wà, àmọ́ kò dára. Ariwo ló kún inú rẹ̀."

Fẹ̀hìntọlá ni ẹni tí í ṣa òkúta lára iyọ̀! Ẹ̀rọ méjì ló gbé dojú kọra ní pálọ̀ lọ́jọ́ tó ń ṣe ìkejì, tí ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, tí èkejì ń gbọ́. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé ló bá a wọnú téèpù ìkejì, ló bá ní ó ti bàjẹ́, ó sì fi ta àna rẹ̀ lọ́rẹ.

Ilẹ̀ mọ́, Àpìkẹ́ wọ ọkọ̀ Iléṣà. Cornelius bàbá rẹ̀ yọ téèpù náà lábẹ́ Bíbélì, nínú àpótí tó jìnnà sí iná. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, Àpìkẹ́ ti padà dé Òṣogbo.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí yí. "Àkànjí, ọmọ tí mo bí lọ́jọ́ ọjà..." Omijé ń dà lójú Fẹ̀hìntọlá. Ewúrẹ́ ké. Odó ń dún lẹ́yìnkùlé. Lójijì, ìyá kan náà tún bú sẹ́rìn-ín, nítòsí, ketekete:

"Èmi rèé? Ohùn mi ṣì dùn báyìí? Àpìkẹ́, ìyàwó mi, fi odó yẹn sílẹ̀ jàre, o ti ṣiṣẹ́ tó. Wá jókòó tì mí."

Kí Àpìkẹ́ tó mọ̀, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ.

"Mo ń bọ̀, Màmá," ni ó wí, ohùn tirẹ̀ ti inú téèpù náà sì dáhùn pẹ̀lú rẹ̀.