Bàtà Ta Ni A Ó Là?

Nígbà tí rédíò kéde pé wọ́n ti dárí gbèsè ji orílẹ̀-èdè wa, awọ ni mo ń gé lọ́wọ́, ọ̀bẹ sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń gé awọ nílé iṣẹ́ bàtà yìí, ọ̀bẹ kò bọ́ lọ́wọ́ mi rí. Bàbá Onígọ́ọ̀mù, tó ti ń lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà láti ìgbà ayé bàbá wa, pariwo pé kí wọ́n tún un sọ, àfi bí ẹni pé rédíò ń gbọ́ tirẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, báńkì náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa. Gbogbo gbèsè tí ilé iṣẹ́ wa jẹ, wọ́n fagi lé e. Gbogbo rẹ̀ o! Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo tún yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá wọ́n fi ọ̀rọ̀ mìíràn pamọ́ síbẹ̀. Èmi ò gba ọ̀fẹ́ gbọ́. Bí ẹnìkan bá fún mi ní adìẹ lọ́fẹ̀ẹ́, màá kọ́kọ́ wò ó bóyá okùn rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹni náà.

Bọ̀dá mi ní tirẹ̀ jó yí gbogbo ẹ̀rọ ìránbàtà ká. Òun ni bàbá wa fi ilé iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Ilé ni ó fi sílẹ̀ fún mi, ilé tí èmi àti ọmọbìnrin mi ń gbé títí di òní.

"Àbúrò, gbèsè ló ń pa wá," ni ó wí. "Gbèsè ti kú, àwa la yè. Owó díẹ̀ la nílò báyìí, ká fi ra awọ, ká fi san owó oṣù. Báńkì ṣe tán láti yá wa. Ìwé ilé rẹ nìkan ni wọ́n ń béèrè."

"Ìwé ilé mi?"

"Wọ́n kàn fẹ́ fi ṣe ìdúró fún owó náà ni."

"Bọ̀dá, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú kòtò, ṣé ọ̀nà kòtò ló yẹ kó máa béèrè?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí Abẹ!" Bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń pè mí nìyẹn, nítorí ọ̀bẹ mi, àti nítorí ẹnu mi. "Mú ìwé náà dání lọ́la. A ó ṣe Ìlàbàtà. Tí o bá fojú ara rẹ rí i, wàá fọwọ́ sí i."

Bàbá wa ló dá Ìlàbàtà sílẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ mìíràn bá gbé bàtà tuntun jáde, bàbá á rà á, á kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, á là á sí méjì láti imú dé gìgísẹ̀, kí a lè rí gbogbo pálapàla tí wọ́n kó sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á là tiwa sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í mú tiwa láti inú páálí. Ẹsẹ̀ òṣìṣẹ́ ló ti ń bọ́ ọ, èyí tí wọ́n ti fi rìn nínú òjò àti oòrùn, torí ó ní bàtà tuntun kì í sọ òtítọ́. Láyé rẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń gba bàtà ọ̀fẹ́ lọ́dọọdún. Gbèsè ló fòpin sí ìyẹn, a ò sì tíì ṣe Ìlàbàtà fún ọdún mẹ́jọ.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin báńkì jókòó sídìí tábìlì tí mo fi ń gé awọ, ó tẹ́ ìwé ẹ̀yáwó kalẹ̀, ó sì fi kálàmù lé e lórí. Ìwé ilé mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ bí ogójì dúró láàárín àwọn ẹ̀rọ. Bọ̀dá mi gbé bàtà dúdú kan sókè.

"Láti òdìkejì ibodè ni èyí ti wá. Ogójì ni wọ́n ń tà á, nígbà tí tiwa jẹ́ àádọ́rùn-ún. Àwa àti wọn, owó kan náà la jọ ń ná láti ọdún mọ́kànlá. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó mú tiwọn pọ́ọ́kú!"

Ó na ọ̀bẹ sí mi. Mo là á. Mo ti ń múra ẹ̀rín sílẹ̀ kí n tó wo inú rẹ̀. Kò sí páálí nínú rẹ̀. Awọ gidi ni. Ojú ìrán rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan. Bàbá Onígọ́ọ̀mù gbé ìlàjì kan sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì wò mí.

"Gọ́ọ̀mù yìí dáa," ni ó wí, bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ olè.

Bọ̀dá mi yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́. "Kò burú. Ẹ jẹ́ ká là tiwa. Ta ló wọ tiwa? Kó bọ́ ọ wá."

Ẹnikẹ́ni ò mira.

"Ẹ má bẹ̀rù, màá fi tuntun dí i fún yín."

Ẹnìkan wúkọ́. Ìgbà náà ni mo wo ẹsẹ̀ wọn. Láti orí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dé orí obìnrin tó ń kó bàtà wa sínú páálí, bàtà òdìkejì ibodè ló wà lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn. Gbogbo wọn! Inú bí mi débi pé ojú mi ṣú.

"Ẹ̀yin aláìmoore!" ni mo pariwo. "Ẹ̀ ń jẹun nínú abọ́, ẹ sì ń..."

"Àǹtí Abẹ," ni Bàbá Onígọ́ọ̀mù fi pẹ̀lẹ́tù dá mi dúró, "ẹ wo ilẹ̀."

Mo wo ilẹ̀. Háà! Bàtà òdìkejì ibodè ló wà lẹ́sẹ̀ èmi náà, aláwọ̀ igi, èyí tí èmi àti ọmọ mi jọ rà ní ṣọ́ọ̀bù igun òpópónà, ní oṣù méjì sẹ́yìn. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò rántí. Èèyàn á ti ẹsẹ̀ bọ bàtà láàárọ̀, á gba ibi iṣẹ́ lọ, ó tán. Ìtìjú mú mi, ara mi gbóná láti ọrùn dé orí. Obìnrin báńkì rọra fa ẹsẹ̀ tirẹ̀ sábẹ́ àga.

Bọ̀dá mi ń rìn láàárín wa, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," ni Bàbá Onígọ́ọ̀mù wí. "Ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn mi. Níbo ni mo ti fẹ́ rí àádọ́rùn-ún lọ́nà márùn-ún? Nígbà tí à ń ná owó tiwa, bí ọjà wa bá wọ́n jù, ìjọba á dín iyì owó náà kù. Àwọn ará òdìkejì á sáré wá ra tiwa, tiwọn á sì wọ́n lójú wa. A máa ń fi ìyẹn rí ibi mí. Owó kan náà ló dé yìí, kò sí ibi tí a lè sá pamọ́ sí. Ẹ̀rọ wọn á rán ogún kí tiwa tó rán mẹ́jọ. Wọ́n dárí gbèsè jì wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n àádọ́rùn-ún ṣì ni bàtà wa."

Bọ̀dá mi jókòó sórí àpótí, ó tú okùn bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Tiwa ni. Èyí tí bàbá wa fọwọ́ ara rẹ̀ rán gbẹ̀yìn ni, ọdún kẹtàdínlógún rèé.

"Là á."

"Bọ̀dá..."

"Mo ní kí o là á."

Mo là á. Ìrán bàbá wa wà níbẹ̀ ní ìlà méjì méjì, okùn kan ò já. Kò sí ohun tó ṣe é. Ì bá sàn fún mi ká ní ó ti jẹrà. Bàtà tó dáa tó báyẹn, ẹsẹ̀ ẹnìkan ṣoṣo la ti rí i nínú gbogbo ilé.

Ó gbójú sókè sí mi. "Èló lo ra tìẹ?"

"Méjìdínlógójì."

"Ṣé ó rọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀?"

Èmi Àǹtí Abẹ, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu mi, mo wá irọ́, mo wá a tì.

"Ó rọ̀ mí lẹ́sẹ̀, Bọ̀dá."

Ó mi orí. Ó dìde, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ẹsẹ̀ kan lórí símẹ́ńtì. Ó dá kálàmù padà fún obìnrin báńkì láì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó, ó sì ti ìwé ilé mi sọ́dọ̀ mi.

"Mú ìwé rẹ," ni ó wí. "Máa lọ sílé."

Mi ò lọ. Ó ti padà sídìí tábìlì, ó mú ìlàjì méjèèjì bàtà bàbá wa, ó pa wọ́n pọ̀, ó sì ń gbìyànjú láti ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.