Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn Ìyá Wa

Ìwé tí àbúrò mi obìnrin kọ nípa ìyà tó jẹ kó tó di olórin ńlá, omijé ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi kà á. Èmi náà sunkún, àmọ́ ìbínú wà nínú ẹkún tèmi. Kì í ṣe pé ó purọ́. Yàrá kan ṣoṣo tí ooru áyọ́ọ̀nù ìyá wa alágbàfọ̀ kì í jẹ́ ká rí oorun sùn, òótọ́ ni. Garawa omi tí à ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbé gun àtẹ̀gùn, tí àbúrò mi wá fi odidi orí kan nínú ìwé náà ṣàròyé rẹ̀ bíi pé òun nìkan ló gbé e, òótọ́ náà ni. Èjìká mi ṣáà wà níbí tó ń jẹ́rìí.

Òótọ́ sì ni pé lọ́jọ́ tó di ẹrù rẹ̀ láti tẹ̀ lé àwọn olórin lọ, àyà rẹ̀ já nígbà tó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó sáré padà wá kanlẹ̀kùn. Ó pe ìyá wa títí, ìyá wa ò ṣílẹ̀kùn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ọjọ́ náà lòun mọ̀ pé òun ò níyàá mọ́.

Èmi wà nínú yàrá. Ìyá wa jókòó sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó sì ki aṣọ oníbàárà bọ ẹnu kí ẹkún rẹ̀ má baà jáde. Nígbà tí a ò gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà mọ́, ó yọ aṣọ lẹ́nu.

Ó ní, “Bí mo bá ṣí i, kò ní lọ mọ́. Inú ooru yìí ni orin á kú sí i lọ́fun. O ò gbọ́dọ̀ sọ fún un o. Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá sóòrùn.”

Mo ṣèlérí. Ìyá wa kú, àbúrò mi wá sin ín, ojú rẹ̀ gbẹ táútáú. Láti ìgbà náà ni ìlérí yẹn ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ìwé náà ṣe fíìmù, àbúrò mi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ. Ó ní kí n rán aṣọ obìnrin tó máa ṣe ìyá wa, pé ta ló tún mọ bí Màmá ṣe ń múra bíi tèmi. Mo gbà kíá. Mo rò pé bí mo bá ti wà nítòsí, màá rí ọ̀nà gbà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ya ìran ilẹ̀kùn yẹn. Kí ará ayé má máa jókòó sínú òkùnkùn sinimá kí wọ́n máa gégùn-ún fún ìyá mi.

Mo fi téèpù wọn òṣèré náà dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọ aṣọ náà, èjìká ọ̀tún rẹ̀ fún un pinpin, ìbàdí sì rí gbàgẹ̀rẹ̀. Èmi tí mò ń fọ́nnu kiri pé abẹ́rẹ́ mi kì í ṣìnà! Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ta lẹ rán èyí fún?”

Ìgbà náà ni mo tó rí ohun tí mo ṣe. Òṣèré ni mo wọ̀n, ìyá wa ni ọwọ́ mi gé aṣọ fún. Garawa àti áyọ́ọ̀nù ti fa èjìká ọ̀tún rẹ̀ wálẹ̀, àtìgbà tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni mo sì ti máa ń gé e wálẹ̀ fún un láìronú.

Àbúrò mi gba aṣọ náà, ó fi ṣẹ̀fẹ̀, ó gbé e wọ̀. Aṣọ náà jókòó sí i lára. Garawa kan náà ló ṣáà sọ èjìká wọn dà bẹ́ẹ̀. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mo bẹ ìyá wa nínú ọkàn mi pé kó foríjì mí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀.

Kò pariwo. Ó kàn bi mí pé, “Ṣé ó ń gbọ́ mi nígbà tí mò ń pè é?”

Mo ní, “Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́. Ó ń dá ọ lóhùn, aṣọ oníbàárà ló dí i lẹ́nu.”

Ó wọ aṣọ náà, a jọ lọ bẹ olùdarí fíìmù pé kó yí ìran ilẹ̀kùn padà. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó fara balẹ̀ gbọ́ wa. Ó ní àánú ṣe òun, àmọ́ wọ́n ti ya ìran ilẹ̀kùn lánàá, aṣọ tí òṣèré náà mú wá láti ilé ni wọ́n fi yà á nítorí pé tèmi pẹ́. Mo ti rò pé àyè ṣì wà. Ó mú wa lọ wo ilẹ̀kùn náà. Kò sí yàrá kankan lẹ́yìn rẹ̀, igi gbọọrọ méjì ni wọ́n fi gbé e ró. Àwọn káfíńtà tilẹ̀ ti ń tú u.

Àbúrò mi yí lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, ó jókòó sáàárín ìṣó àti eruku igi, ó fi ẹ̀yìn tì í. Mo jókòó tì í. Àwọn káfíńtà gbé òòlù wọn sílẹ̀. Ó sun ẹkún tí kò sun níbi ìsìnkú, kò sì sí kámẹ́rà kankan tó kọjú síbẹ̀.

Fíìmù náà jáde, èmi àti àbúrò mi lọ wò ó, èrò sì pọ̀ nínú sinimá. Nígbà tí wọ́n dé ibi ilẹ̀kùn, obìnrin tó jókòó tì wá pòṣé, ó ní irú ìyá wo tiẹ̀ lèyí. Mo fẹ́ dìde kúrò níbẹ̀, àbúrò mi di ọwọ́ mi mú. Aṣọ tí mo gé ní ìwọ̀n ìyá wa ló wọ̀. Ó fara sún mọ́ obìnrin náà.

Ó ní, “Ìyá mi ni, mà. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló jókòó sí, ẹ ò lè rí i.”