Pẹ́ẹ̀gì Nọ́ḿbà Mẹ́tàdínlógún

Inú máa ń bí mi sí àwọn àgbà ọkùnrin tó ń ra páálí àtijọ́. Àwọn tó ń wá bàálù kékeré kiri ni mò ń sọ, irú èyí tí wọ́n kó igi rẹ̀ pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ sínú páálí pẹ̀lú ìwé àwòrán, tí wàá fi abẹ gé e fúnra rẹ, tí wàá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, tí wàá de ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn nímú, tí wàá wá dúró sórí ilẹ̀ máa fi rédíò ọwọ́ darí rẹ̀ lókè. Wọn kì í ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ti ìsinsìnyí, wọ́n á ti tò ó tán kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ni àwọn baba olórí funfun bá ń wá ti àtijọ́. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á ṣí páálí, wọ́n á ti imú bọ̀ ọ́, wọ́n á ní, "Òórùn ìgbà yẹn nìyí." Èmi ò fẹ́ gbọ́ òórùn ìgbà yẹn. Mo mọ ohun tó kú síbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí àbúrò mi pè mí lórí fóònù pé òun ti rí i, mi ò bi í pé kí ló rí.

"Pupa ni, Ẹ̀gbọ́n, etí apá rẹ̀ funfun. Ọ̀kan náà gẹ́lẹ́ ni. Wọn ò tíì ṣí páálí ẹ̀ rí."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ tò ó. Mo fẹ́ gbé e fò lẹ́ẹ̀kan péré, kí ojú yìí tó ṣú pátá. Ẹ̀yin lẹ máa dúró tì mí, kẹ́ ẹ máa pe ibi tó wà fún mi."

Ọdún kẹta nìyí tí dókítà ojú ti ń bá a fà á. Ẹ̀gbẹ́ ni ojú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ó ń bọ̀ wá sí àárín, débi pé ohun tó kù tó ń rí kò ju ohun tí èèyàn lè rí láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. Dókítà ní títí ọdún fi máa parí, ìyẹn náà lè lọ. Mo ní mo gbọ́, mo máa wá. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni mo pinnu pé ọjọ́ tí bàálù yẹn bá fò ni màá sọ ohun tí mo ti gbé mì fún ọdún mẹ́rìnlélógójì. Mo fẹ́ kó dárí jì mí nígbà tó ṣì lè rí ojú mi. Ìyẹn nìkan ni mo ń wá.

Káfíńtà ni bàbá wa. Ọ̀sẹ̀ ò lè pé kó má lọ sí pápá tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ bíríkì, níbi tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi bàálù kékeré ṣeré bí ọmọdé. Ó mú èmi àti àbúrò mi mọ́ra, ó ra rédíò kọ̀ọ̀kan fún wa. Rédíò ìgbà yẹn ní nọ́ḿbà, nọ́ḿbà yẹn ló fi ń bá bàálù rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí rédíò méjì tó ní nọ́ḿbà kan náà bá sọ̀rọ̀ pa pọ̀, orí bàálù á dàrú, á já bọ́. Wọ́n wá kan pátákó kan mọ́ ẹnu ọ̀nà pápá, wọ́n to pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń sá aṣọ sára rẹ̀, wọ́n kọ nọ́ḿbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó o tó tan rédíò rẹ, wàá mú pẹ́ẹ̀gì tó ní nọ́ḿbà rẹ, wàá fi há ọrùn ẹ̀wù. Tó ò bá rí i lórí pátákó, ẹlòmíì ló wà lókè nìyẹn, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Kò sí òfin míì ní pápá yẹn tó le tó o. Èèyàn lè mutí níbẹ̀, èèyàn lè bú ìyá ẹlòmíì níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tan rédíò láìní pẹ́ẹ̀gì.

Bàbá wa, tó ń wọn igi débi fífẹ̀ fọ́nrán irun kan, ra rédíò méjì ní ṣọ́ọ̀bù kan náà láì wo ìdí wọn. Mẹ́tàdínlógún ni méjèèjì. Bí àbúrò mi bá wà lókè, èmi á dúró. Bí èmi bá wà lókè, òun á dúró. Òun kì í ráhùn. Èmi máa ń ráhùn.

Oṣù mẹ́jọ la fi to bàálù pupa yẹn, lórí tábìlì iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti lọ. Èmi ni mo ṣe ara, òun ló ṣe apá. Nígbà tó parí rẹ̀, Bàbá fi èékánná àtàǹpàkò rìn lójú oríkèé igi náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kò rí ibi tí yóò há sí. Ó ní, "Ọwọ́ tí mò ń wá nìyí. Ṣọ́ọ̀bù yìí ti rí ẹni tó máa jogún ẹ̀." Èmi àkọ́bí dúró níbẹ̀ tèmi ti sáńpépà lọ́wọ́. Bàbá ò tiẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ní ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Tèmi mọ̀, ó kàn dìde náà ni.

Ní ọjọ́ tí àbúrò mi kọ́kọ́ gbé e fò, pẹ́ẹ̀gì mẹ́tàdínlógún wà lọ́rùn ẹ̀wù rẹ̀, gbogbo pápá ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ọdún mélòó ni mo fi ń sọ fún ara mi pé mo rò pé ó ti balẹ̀, pé mo kàn fẹ́ yẹ bátìrì tèmi wò ni. Irọ́ ni. Mò ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lókè orí mi. Mo wà lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì irinṣẹ́, mo fa irin orí rédíò mi jáde tán, mo tan án. Kó o tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, mo ti pa á. Mẹ́rin yẹn ti tó. Bàálù náà forí sọ ògiri ilé iṣẹ́ bíríkì.

Bàbá kó àfọ́kù rẹ̀ sínú àpò, kò pariwo. Ó kàn sọ fún àbúrò mi pé, "Ọwọ́ ẹ bà á jẹ́." Látọjọ́ náà ni ó ti ń pè é ní Afọwọ́bajẹ́, ni gbogbo ilé bá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Bí ife bá fọ́ nínú yàrá tí òun ò sí nínú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ la máa ń dá. Bàbá ò jẹ́ kó fọwọ́ kan ayùn mọ́. Àbúrò mi lọ ń ka mítà omi láti ilé dé ilé fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ajá sì bù ú jẹ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Èmi ni mo jogún ṣọ́ọ̀bù. Ilẹ̀kùn tí mo bá ṣe, etí rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ máa ń gbà wọlé.

Oṣù márùn-ún ni àbúrò mi fi to ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí. Mo máa ń lọ síbẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó gbé tábìlì ti fèrèsé, ó tan iná lé e lórí lọ́sàn-án gangan, síbẹ̀ ìka ló fi ń ríran jù. Ìka rẹ̀ á rin igi náà lọ, á dúró, á padà, abẹ á sì gba ibi tó yẹ kó gbà. Ìyàwó rẹ̀ ń kùn pé èérún igi ń bọ́ sínú tíì òun.

"Àbúrò," ni mo wí lọ́jọ́ kan, "ọ̀rọ̀ kan wà."

"Mò ń gbọ́, Ẹ̀gbọ́n." Kò gbójú sókè.

Bí ìyàwó rẹ̀ ṣe gbé tíì wọlé nìyẹn, mo ní ṣúgà ni mo fẹ́ béèrè. Mo mu ife méjì tán, mo sì lọ sílé mi. Ojo ni mí, mi ò ní pè é ní orúkọ míì.

Obìnrin kan ló jẹ́ olórí pápá báyìí, iṣẹ́ búrẹ́dì ló ń ṣe, Ìyá Oníbúrẹ́dì ni gbogbo wọn ń pè é. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tá a débẹ̀, ó yí bàálù pupa náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ta ló bá yín tò ó?" ló bi àbúrò mi.

"Èmi náà ni."

"Pẹ̀lú ojú yín yìí?" Ó mi orí. "Ṣé kí n dúró tì yín, kí n máa bá yín wò ó?"

"Ẹ ṣé gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá mi wò ó."

Àbúrò mi gbé rédíò sọ́wọ́. Ó tan ẹ́ńjìnnì, bàálù sáré lórí koríko, ó gbéra. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é: "Ó ń gòkè. Ó wà lọ́tùn-ún rẹ. Ó ti kọjú sí wa báyìí. Rọra, ó ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀." Ohun tí mo bá pè, ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe é kí n tó pè é tán. Ó ń rẹ́rìn-ín. Mi ò rí irú ẹ̀rín yẹn lójú rẹ̀ láti ìgbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún, inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Mo wá sọ fún ara mi pé inú rẹ̀ dùn báyìí, àkókò ti tó. Ọgbọ́n mi ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tó máa rọ èmi lọ́rùn ni mo mú.

"Àbúrò, bàálù ijọ́un, ọwọ́ ẹ kọ́ ló bà á jẹ́. Èmi ni. Mo tan rédíò mi lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì."

Bàálù ń lọ lókè bó ṣe ń lọ.

"Mo mọ̀," ló wí.

"O mọ̀?"

"Irin rédíò yín yọ lókè ògiri ṣẹ́ẹ̀dì bí ìrù ológbò. Mo rí i kí bàálù tó já bọ́."

"Kí ló dé tó ò fi sọ fún Bàbá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi lẹ jẹ́. Mo ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ ọ́. Mo dúró dé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo dúró dé ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí Bàbá ń kú lọ, tí gbogbo wa jókòó yí bẹ́ẹ̀dì ká, ó wò mí, ó ní kí ẹlòmíì gbé ife omi òun, kí Afọwọ́bajẹ́ má dà á nù. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ máa sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn."

Mo rántí ife náà. Èmi ni mo gbé e.

"Dárí jì mí," ni mo wí.

"Mo ti dárí jì yín tipẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Èmi ò nílò kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún mi, mo wà níbẹ̀. Bàbá ni mo fẹ́ kó gbọ́ ọ." Ó dẹ etí sí ẹ́ńjìnnì lókè. "Níbo ló wà báyìí?"

Mò ń rí bàálù náà kedere, ó ti ń kọjá pápá lọ, ṣùgbọ́n mi ò lè pè é.

Àbúrò mi dúró dè mí, bí ìgbà téèyàn gbé ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Ó wá yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ní, láìgbé ohùn sókè, "Ìyá Oníbúrẹ́dì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó."

Obìnrin náà sáré wá, ó dúró síbi tí mo wà, mo sì kúrò fún un. Kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wa. "Ẹ yí i sósì, Bàbá," ló ń wí. "Sósì sí i. Ó ti ń bọ̀. Ẹ dín eré rẹ̀ kù." Àbúrò mi mú un bọ̀ wálẹ̀ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, àwọn tó wà ní pápá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

"Ṣó ti balẹ̀?" ni àbúrò mi bi í.

"Ó ti balẹ̀, Bàbá."

"Apá ẹ̀ ńkọ́?"

"Kò sí ohun tó ṣe é."

Èmi tí ojú mi ń ríran dé ibi epo tó ta sí táyà rẹ̀ dúró lẹ́yìn wọn, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan.