Téèpù Kan Ṣoṣo Tó Kù

Ìjà lórí ààlà odò ti dí ọ̀nà omi pa. Ọkọ̀ tó yẹ kó gbé téèpù tuntun wá sí Òde Máhin kò rí ibi gbà. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ Moríkẹ́. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ẹ̀rọ inú ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ àlàáfíà á fúnra rẹ̀ pe kọ̀ǹpútà tó wà nílùú Aráròmí, á fa ohùn àwọn àgbà Ìlàjẹ tó sọ ibi tí ààlà odò wà, á dà á sórí téèpù. Moríkẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ téèpù náà wò: ṣé ó mọ́, ṣé àyè wà nínú rẹ̀, ṣé ìdè kékeré etí rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí wọ́n pa ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́, ti ṣí.

Ó mọ́. Àmọ́ ó kún fọ́fọ́, ìdè rẹ̀ sì wà ní títì. Ohùn àwọn àgbà òdìkejì odò, tí àwọn Ìlàjẹ ń bá jà, ló wà níbẹ̀, bàbá ìyá Moríkẹ́ sì wà lára wọn. Bàbá náà ti kú.

"Kí lò ń wò bí ẹni tó rí iwin?" Olówòkéré, ọ̀gá rẹ̀, jágbe. "Ṣí i, kí ẹ̀rọ pa á rẹ́!"

"Ẹ̀gbọ́n, kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíì."

"Àwọn tó ń sun ilé wa lo fẹ́ tọ́jú ohùn wọn! Ọmú ìyá ẹ kò tíì kúrò lẹ́nu ẹ. Bàbá tìẹ gan-an ńkọ́, ṣé kò sọ̀rọ̀ ní Aráròmí ni?"

"Bàbá mi wà láàyè, sà. Ó lè tún un sọ. Òkú kì í tún ọ̀rọ̀ sọ."

"Bí wọ́n bá pa á lónìí ńkọ́?"

Olówòkéré fò mọ́ ọn. Moríkẹ́ na téèpù jáde lójú fèrèsé, sókè omi.

"Ẹ sún mọ́ mi, kí odò gbé e. Ká jọ pàdánù."

Olówòkéré dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ibẹ̀ ni oòrùn wọ̀ bá wọn. Ẹ̀rọ kùn, ó wá téèpù, kò rí. Iná pupa tàn. Kò pẹ́, iná kejì, èyí tó ń sọ pé Aráròmí ń dáhùn, kú pii.

"O ti ṣe é! Ohùn àwọn àgbà wa ti lọ nìyẹn! Ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lódìkejì! O ò ní wọ ọkọ̀ mi mọ́ láyé!"

Moríkẹ́ we téèpù mọ́ ọ̀rá, ó so ó mọ́ ìdí, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ tú ọkọ̀ kékeré ìyá rẹ̀.

"Níbo lò ń lọ, ọ̀dàlẹ̀?"

"Aráròmí. Mo ń lọ gbé ẹnu tó sọ ọ́ wá."

"Kí odò má dá ẹ padà!"

Ó ti àjẹ̀ bọmi, kò wẹ̀yìn.